Dókítà Tí Ó Tún Jẹ́ Olùṣèwádìí: Àlàyé Lórí Ètò Ẹ̀kọ́ Olóyè Méjì àti Ìrírí Wa ní Yábàá àti Ìdí-Àràbà

Ìfáàrà

Òpópónà kan wà ní Yábàá, ní Èkó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edmund Crescent. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ìṣègùn, èyí tí a mọ̀ sí NIMR, fìdí kalẹ̀ sí. Nítòsí rẹ̀, ní Taylor Drive, ni olú ilé-iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ àti ti àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà, àwọn tí ń ṣe ìdánwò fún dókítà tí ó bá fẹ́ di onímọ̀ àkànṣe. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ibi tí a ti ń ṣe ìwádìí àrùn dé ibi tí a ti ń dán àwọn tí ń wo àrùn wò. Ṣùgbọ́n bí dókítà kan ṣoṣo bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ méjèèjì yanjú, ìrìn-àjò náà lè gbà tó 20 ọdún, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í dé ibẹ̀ rárá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní dókítà-olùṣèwádìí nínú iṣẹ́ yìí. A kò ní in lọ́kàn láti sọ pé gbogbo dókítà ni ó gbọ́dọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tí ó ń gbẹ̀bí ní Múṣín lóru tí iná kò sí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń kọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tí yóò ṣe méjèèjì pọ̀, ìdí tí ètò náà fi rọrùn ní ibòmíràn tí ó sì le lọ́dọ̀ wa, àti ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti onímọ̀ èdè Yorùbá. Èrò wa ni pé ariyanjiyan lórí oyè ti bo ọ̀rọ̀ gan-an mọ́lẹ̀. Àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí, àti owó tí a fi ṣọ́ àkókò náà, ni ó ń sọ dókítà di olùṣèwádìí. Oyè kàn ń jẹ́rìí sí i ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń pa fún ọmọ tí ó bá ní òun fẹ́ ka ìṣègùn kí òun sì tún gba oyè ọ̀mọ̀wé. Òótọ́ ni òwe náà bí eku méjèèjì bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Bí wọ́n bá wọ ihò kan náà ńkọ́?

Ìtọ́jú àti ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà

Nígbà tí aláìsàn bá jókòó níwájú dókítà, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ó ń ṣe ẹni yìí, kí sì ni mo lè ṣe fún un lónìí? Dókítà ní láti dáhùn kíákíá, ìmọ̀ tí àwọn mìíràn ti kó jọ ni yóò sì lò. Ìbéèrè ti olùṣèwádìí yàtọ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àrùn náà fi ń mú àwọn wọ̀nyí tí kò mú àwọn tọ̀hún, àti ọ̀nà tí a ó gbà mọ̀ bí èrò wa lórí rẹ̀ bá kùnà. Ti àkọ́kọ́ kórìíra iyèméjì. Ti èkejì kò lè ṣe é láìsí i. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti kọ́ ènìyàn kan ní méjèèjì, nítorí pé ìwà méjì tí ó takora ni a ń kọ́ ọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ní Ìbàdàn ń rí àwọn àgbàlagbà láti agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ ilẹ̀ Èkìtì tí a bí ní ọdún 1935, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí ibùsùn ilé ìwòsàn. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn wò láti ilé dé ilé, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, gàárì láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́, ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan. Ẹ̀gẹ́ tí a kò bá ṣe dáadáa a máa ní májèlé sáyánáìdì nínú, ohun tí májèlé náà máa ń dà nínú ara sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ní ọdún 1968, Ọ̀ṣuntókun tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlàyé náà wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ ìṣègùn káàkiri àgbáyé.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn jù ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, dókítà mìíràn láti Ìbàdàn, O. S. A. Olúwọlé, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Ọ̀sọsà, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí àtijọ́. Wọ́n rí i pé àrùn náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìlú wé ìlú, nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003, bí májèlé ẹ̀gẹ́ ṣe pọ̀ sí nínú ara àwọn ènìyàn kò bá bí àrùn náà ṣe pọ̀ sí láàrin wọn mu. Àlàyé tí gbogbo ayé ti gbà tún di ìbéèrè. Kì í ṣe pé Ọ̀ṣuntókun ṣe iṣẹ́ tí kò dára. Nítorí pé ó kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, tí ó ka iye ènìyàn, tí ó sì wọn ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ni ẹlòmíràn fi rí ibi tí yóò ti bá a jiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó fún àwọn aláìsàn náà ní fítámì tí ó sì ní kí wọ́n máa lọ ilé, kò sí ohun tí Olúwọlé ìbá padà lọ wò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yábàá láàrin ọdún 1925 sí 1934

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gba Yábàá kọjá mọ̀ pé ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí a ti dáhùn ìbéèrè pàtàkì kan nínú ìtàn ìṣègùn ayé. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá ohun tí ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìwádìí wọn sí Yábàá. Henry Beeuwkes ni olórí wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Adrian Stokes, dókítà ará Ireland tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ àrùn ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ará Kpeve ní ilẹ̀ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí ibà náà ń ṣe. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, ọ̀bọ náà sì kó àrùn. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn onímọ̀ kò rí ẹranko tí wọ́n lè fi ṣe ìdánwò ibà yìí dáadáa. Stokes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Bauer àti Hudson, wá fi hàn pé ohun tí ń fa àrùn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba inú asẹ́ tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà kọjá. Asibi yè. Stokes kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Hideyo Noguchi, onímọ̀ ará Japan tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bakitéríà ni ó ń fà á, kú nípa ibà kan náà ní Àkíráà.

Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní New York ní ọdún 1937. Abẹ́rẹ́ náà ni a ṣì ń gbà títí di òní, ó sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Ó yẹ kí a fi kún un pé Theiler kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣùgbọ́n kò gba oyè ọ̀mọ̀wé kankan rí. Àwọn tí ń fi oyè já ara wọn níyà ní yunifásítì wa yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá rántí èyí.

Ní àdúgbò Yábàá kan náà, ní ọdún 1930, ìjọba amúnisìn dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ kọ́ níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n sì ń fún wọn kò ní agbára kọjá Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n ṣí Yaba Higher College ní ọdún 1934 lórí ìlànà kan náà, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún náà láti bá ìlànà yìí wí. Ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan méjèèjì pọ̀: ní ìlú kan ṣoṣo, ní àkókò kan náà, àwọn àlejò ń ṣe ìwádìí tí yóò gba ẹ̀bùn Nobel, a sì ń kọ́ ọmọ onílẹ̀ láti máa gbé irinṣẹ́ tẹ̀lé dókítà. Kì í ṣe pé ọgbọ́n ìwádìí kò sí lára àwọn dókítà wa. Ní ọdún 1897, Ògúntọ́lá Sapara, dókítà ìjọba ní Èkó, ti wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láti mọ bí àrùn ìgbóná ṣe ń tàn ká. Ìwádìí gidi ni èyí, ó sì léwu. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń ṣe tirẹ̀; kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1948, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yábàá lọ sí University College ní Ìbàdàn. NIMR tí a mọ̀ lónìí gba ìdásílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1977. Báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ dókítà àti ilé ìwádìí ṣe gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dàgbà.

Bí àwọn ará òkè òkun ṣe so ó pọ̀

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Yunifásítì Western Reserve ní ìlú Cleveland ni ó kọ́kọ́ ṣe ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò fi gba oyè ìṣègùn àti oyè ọ̀mọ̀wé, ní ọdún 1956. Ní ọdún 1964, àjọ NIH tí ìjọba wọn fi ń náwó lórí ìwádìí ìlera bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan pẹ̀lú yunifásítì mẹ́ta: Albert Einstein, New York University àti Northwestern. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọdún méjì kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn nínú kíláàsì; yóò kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún láti ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá kan títí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé; lẹ́yìn náà ni yóò padà sí wọ́ọ̀dù fún ọdún méjì tí ó kù. Gbogbo rẹ̀ a máa tó ọdún mẹ́jọ. Ìjọba ni ó ń san owó ilé ìwé rẹ̀, ó sì tún ń fún un ní owó oúnjẹ. Ohun tí ó mú ètò náà dúró nìyí, nítorí pé gbèsè tí dókítà máa ń jẹ nílé ìwé lọ́hùn-ún ni ó máa ń lé e lọ síbi tí owó bá pọ̀ sí.

Síbẹ̀, ní ọdún 1979, James Wyngaarden kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi dókítà tí ń ṣe ìwádìí wé ẹranko tí ó fẹ́ parẹ́ nínú igbó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cambridge bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà wọn ni ó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Ìlànà tiwọn yìí ni ó wù wá jù, nítorí pé ẹni tí ó ti rí aláìsàn ni ó máa ń mọ ìbéèrè tí ó tó béèrè. Ọmọ ọdún 21 tí ó ti kúrò ní wọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́rin a máa padà bá ọwọ́ tí ó ti gbàgbé bí a ṣe ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà tí ó wà lọ́dọ̀ wa

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí ó gbé ayé láàrin ọdún 1933 sí 2020. Lẹ́yìn tí ó ti di dókítà, ó lọ sí Oxford, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1964 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó padà sí Ìbàdàn, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀lé ìbéèrè kan náà láti yàrá ìwádìí dé wọ́ọ̀dù, láti wọ́ọ̀dù dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣe àyẹ̀wò àwọn àrùn tí kì í ràn káàkiri Nàìjíríà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n Oxford ni ó ti rí àyè kọ́ ìwádìí, kì í ṣe ilé.

Nílé ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1962. Ọdún mẹ́fà ni ẹni tí ó bá wọlé tààrà láti ilé ìwé girama yóò lò kí ó tó gba oyè MBBS, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan iṣẹ́ abẹ́ àmójútó nílé ìwòsàn, ọdún kan àgùnbánirọ̀, àti ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀kọ́ onímọ̀ àkànṣe. Nígbà tí dókítà yóò bá fi di kọ̀ńsọ́tántì, yóò ti lé ní ọmọ ọdún 30 dáadáa, yóò ti ní ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ, àwọn ẹbí yóò sì ti máa wo ojú rẹ̀ fún owó ilé ìwé àbúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni yunifásítì yóò wá sọ fún un pé kí ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké kan wà lójú ọ̀nà. Ní Ifẹ̀, wọ́n fi oyè kìíní nínú ìmọ̀ ìlera sí àárín ẹ̀kọ́ dókítà. Ní ibòmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yege dáadáa nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara lè yà bàrá fún ọdún kan kí ó gba oyè kìíní nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí yóò mú ọmọ láti oyè MBBS dé oyè ọ̀mọ̀wé lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó tí ó dúró dè é, kò tíì di àṣà lọ́dọ̀ wa.

Níhìn-ín ni ariyanjiyan tí a mẹ́nu bà ti ń wáyé. Òfin 67 ti ọdún 1979 ni ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn àgbà ti orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ìjànìkin. Oyè fẹ́lò tí ó ń fúnni, bíi ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà ní Yábàá, ni àwọn dókítà kà sí òpin ẹ̀kọ́ wọn, nítorí pé ó ní ìwé àpilẹ̀kọ ìwádìí nínú. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yòókù ní oyè ọ̀mọ̀wé nìkan ni ó fi hàn pé ènìyàn lè dá ìwádìí ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àjọ NUC, ó ti dé ibi ìdíje ipò gíwá yunifásítì, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ojú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó jẹ̀bi díẹ̀. Ìwé àpilẹ̀kọ tí dókítà ń kọ láàrin òru méjì tí ó fi ń ṣọ́ aláìsàn kò lè dọ́gba pẹ̀lú ìwádìí ọdún mẹ́rin tí a fi gbogbo ara ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni oyè ọ̀mọ̀wé tí a fi agídí gbà nítorí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, tí kò ní ìbéèrè gidi kan nínú, kò wúlò fún aláìsàn kankan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjànìkin ti wá fi oyè MD kún ètò rẹ̀ fún fẹ́lò tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí síwájú sí i. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni, bí kò bá di ìwé ẹ̀rí mìíràn lásán.

Àwọn ètò tí ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ jù ni àwọn tí ó ra àkókò fún wọn. CARTA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, tí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, máa ń béèrè lọ́wọ́ yunifásítì kí ó tú olùkọ́ sílẹ̀ kúrò nínú apá kan iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè parí oyè ọ̀mọ̀wé. MEPIN, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi owó ṣètìlẹ́yìn fún láàrin ọdún 2010 sí 2015, kó yunifásítì mẹ́fà ní Nàìjíríà pọ̀, Ìdí-Àràbà sì wà lára wọn. Ohun tí ó ń bani nínú jẹ́ ni pé owó ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ó ni owó bá yí ọkàn padà, àkókò náà lọ nìyẹn.

Èso tí a ti rí

Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àìsàn. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìdí-Àràbà, ni ó fura pé ó lè jẹ́ Èbólà, tí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó kúrò nílé ìwòsàn. Yàrá àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Sunday Omilabu, ni ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Àwọn tí ó kó àrùn náà ni a tọ́jú ní ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn ní Yábàá. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adadevoh sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Omilabu kì í ṣe dókítà tí ń wo aláìsàn, Adadevoh kì í sì í ṣe ẹni yàrá àyẹ̀wò. Ohun tí ó gbà wá ni pé àwọn méjèèjì mọ èdè ara wọn, ohun èlò sì wà ní ìlú kan náà.

Ti ọdún 2023 tún yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àrùn Parkinson, àìsàn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ó sì ń mú ara le gbagidi. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1 tí ó ń mú kí àrùn náà tètè mú àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà, tí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Ìdí-Àràbà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Mie Rizig ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn onímọ̀ NIH ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń wá jíìnì àrùn yìí lára àwọn ará Yúróòpù, wọn kò lè rí èyí, nítorí pé kò sí níbẹ̀ láti rí. Dókítà tí ó mọ aláìsàn rẹ̀ ní Múṣín àti Súrúlérè, tí ó sì tún lè jókòó ti àwọn tí ń ka jíìnì, ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ báyìí.

Ohun tí ó kan ilé ẹ̀kọ́ wa

Àwọn ìdènà tí ó kù kò ṣàjèjì sí òǹkàwé. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá fẹ́ pamọ́ fún ọdún púpọ̀ nílò òtútù tí ó tó ìwọ̀n 80 lábẹ́ òdo, iná tí ó bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan lè ba iṣẹ́ ọdún márùn-ún jẹ́. Àwọn dókítà ń lọ sí òkè òkun, àwọn tí ó kù sì ń ṣe iṣẹ́ àwọn tí ó lọ. A kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí èyí.

Ibi tí ó kàn wá ni ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọdún 1992, Ọ̀ṣuntókun àti Hugh Hendrie bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde ọdún 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà, ẹni tí àrùn náà ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Kí wọ́n tó lè gba irú iye yìí gbọ́, wọ́n ní láti rí i dájú pé ìbéèrè tí a bi ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí ní Ìbàdàn ń wọn ohun kan náà tí ó ń wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tú àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá, wọ́n sì tún wọn ṣe kí wọ́n lè bá ìgbé ayé ibẹ̀ mu. Bí a bá ní kí ẹni tí kò mú kálẹ́ńdà lò rí sọ ọjọ́ tí ó jẹ́ nínú oṣù òyìnbó, kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀ ni a ń dán wò.

Iṣẹ́ wa ni èyí, kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé girama wa ni kì í wọ yàrá sáyẹ́ǹsì àfi nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àbájáde tí olùkọ́ ti kọ sójú pátákó ni wọ́n sì máa ń dà kọ. Ọmọ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí àbájáde tí ó yàtọ̀ sí ti ìwé rí, ibo ni yóò ti kọ́ láti bi Ọ̀ṣuntókun ní ìbéèrè?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìwádìí. Àwa olùkọ́ ń lò ó fún iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìròyìn sì ń lò ó fún ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fura sí. Aláìsàn tí dókítà bá sọ fún pé, “Ìyá, a fẹ́ ṣe ìwádìí lórí yín,” ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ìwé ìfọwọ́sí tí a ń kà fún aláìsàn kí ó tó gbà pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ òun gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta ní kedere: pé ẹ̀kọ́ ni dókítà fẹ́ rí kọ́ lára àìsàn rẹ̀, pé ó lè má ṣe òun fúnra rẹ̀ láǹfààní, àti pé bí ó bá kọ̀, wọn kò ní í tìtorí rẹ̀ fi ìtọ́jú dù ú. Gbólóhùn kejì ni ó le jù láti sọ ní Yorùbá láìṣe pé ẹni tí ń gbọ́ ọ rò pé a ti ní kò lè yè mọ́. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà, kí wọ́n kà á sókè fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Múṣín, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ yé sílẹ̀ kí a tó gbé e dé wọ́ọ̀dù.